Ìpàtẹ Àdáṣe ní Gálẹ́rì Oníṣòwò ní Nàìjíríà àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ìpàtẹ àdáṣe ni ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà tí gbogbo ohun tí a kó sínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ oníṣẹ́ ọnà kan ṣoṣo. Òdìkejì rẹ̀ ni ìpàtẹ àjọṣe, níbi tí iṣẹ́ ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti wà nínú yàrá kan náà. Gálẹ́rì oníṣòwò ni ilé tí a ti ń ṣe irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èrò láti tà: ẹni tí ó ni ilé náà ń bá oníṣẹ́ ọnà wá olùrà, ó sì ń gba làádà lórí ohun tí ó bá tà. Èyí ni ó mú un yàtọ̀ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti pa ohun ọnà mọ́ fún ará ìlú, tí kì í sì í fi wọ́n ṣòwò. Ní Nàìjíríà, Gánà, Côte d'Ivoire àti Sẹ̀nẹ̀gàl lónìí, ìpàtẹ àdáṣe ní gálẹ́rì oníṣòwò wà lára àwọn ọ̀nà pàtàkì tí oníṣẹ́ ọnà ń gbà di ẹni tí a mọ̀, tí ó sì ń gbà jẹun nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Àyọkà yìí ṣàlàyé bí àṣà náà ṣe bẹ̀rẹ̀, bí a ṣe ń ṣètò rẹ̀, bí owó rẹ̀ ṣe ń rìn, àti ìdí tí àríyànjiyàn fi wà lórí rẹ̀.

Ohun tí ó wà ṣáájú ìpàtẹ

Kí àwọn Òyìnbó tó dé ni àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń fi iṣẹ́ ọnà han ará ìlú. Ní ìlú Benin, Ọba ni àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ti àdúgbò Igun ń ṣiṣẹ́ fún. Ààfin àti ojúbọ àwọn baba ńlá ni ibùgbé ohun tí wọ́n bá ṣe. Ní apá Owerri nílẹ̀ Ìgbò, odidi ìlú a máa pawọ́ pọ̀ kọ́ ilé mbari láti bu ọlá fún Ala, òrìṣà ilẹ̀. Wọn a fi amọ̀ mọ ère ènìyàn àti ẹranko kún inú rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, àwọn ènìyàn a wá wò ó, lẹ́yìn náà wọn a fi í sílẹ̀ fún òjò àti oòrùn.

Ohun tí ó so irú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí pọ̀ ni pé iṣẹ́ ti ní olówó kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọba, ìdílé, òrìṣà tàbí ìlú ni ó rán oníṣẹ́ ní iṣẹ́. Ìpàtẹ yí ètò yìí padà. Oníṣẹ́ ọnà kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ láti inú èrò ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ọ̀hún ń wá ẹni tí yóò rà á. Bí kò bá sí olùrà, òun ni ó ru òfò kánfáàsì, ọ̀dà àti oṣù tí ó fi ṣiṣẹ́. Gálẹ́rì oníṣòwò dìde láti bá a gbé díẹ̀ nínú ẹrù yìí, kí òun náà sì pín nínú èrè rẹ̀.

Bí àṣà náà ṣe dàgbà ní Nàìjíríà

Aina Onabolu, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, ni a sábà máa ń kà sí aṣáájú àwọn ayàwòrán òde òní ní Nàìjíríà. Ní 1920, kí ó tó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó pàtẹ àwọn àwòrán rẹ̀ ní Èkó, ó sì tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lórí iṣẹ́ ọnà. Ìwé náà fi hàn pé ó mọ̀ pé àwòrán nìkan kò tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ará ìlú wo ohun titun gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ là á yé wọn. Títí di òní, ìwé kì í wọ́n nínú ìpàtẹ àdáṣe.

Ben Enwonwu, ọmọ agbẹ́gilére ará Onitsha tí a bí ní 1917, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Kenneth Murray, tí a pàtẹ iṣẹ́ wọn ní Zwemmer Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1937. Nínú ìpàtẹ yẹn, ọ̀kan lára ọ̀pọ̀ ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Berkeley Galleries, tí í ṣe gálẹ́rì oníṣòwò ní ìlú náà, pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá ni èyí. Nínú ìpàtẹ àkọ́kọ́, ohun tí ènìyàn wá wò ni ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà lè ṣe. Nínú èkejì, Enwonwu ni wọ́n wá wò.

Àpẹẹrẹ Ladi Kwali, amọ̀kòkò ọmọ Gbagyi, túbọ̀ mú ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere. Ní ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, èyí tí a ń pè ní Suleja lónìí, ó pa ọgbọ́n ìkòkò tí ó kọ́ ní ìlú rẹ̀ pọ̀ mọ́ dídán àti sísun inú iná líle. Àwòrán alángbá, àkekèé àti ejò tí ó fín sí ara ìkòkò rẹ̀ ni a fi mọ̀ ọ́n. Berkeley Galleries kan náà pàtẹ àwọn ìkòkò rẹ̀ ní 1958, 1959 àti 1962, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ti Cardew àti ti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Òkìkí rẹ̀ kàn dé ibi tí àwòrán rẹ̀ fi wà lẹ́yìn owó ₦20 ti Nàìjíríà. Síbẹ̀, lábẹ́ orúkọ Abuja ni ọ̀pọ̀ Òyìnbó ti kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. A rí i pé orúkọ tí a kọ sẹ́nu ọ̀nà ìpàtẹ kì í ṣe ọ̀ràn kékeré.

Ní ilé, Afi Ekong láti Calabar pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ní gbọ̀ngàn ìpàtẹ tí ó wà ní Marina, ní Èkó, ní 1958, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlú náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó dá Gallery Labac sílẹ̀ ní Èkó, ọ̀kan nínú àwọn gálẹ́rì àkọ́kọ́ tí ọmọ Nàìjíríà fi owó ara rẹ̀ dá sílẹ̀. Ní 1959, Bruce Onobrakpeya, tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Zaria nígbà náà, ṣe ìpàtẹ àdáṣe rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Ughelli, láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní 1961, Ẹgbẹ́ Mbari ní Ìbàdàn pàtẹ iṣẹ́ Uche Okeke àti Demas Nwoko, àwọn akẹgbẹ́ Onobrakpeya ní Zaria. Ní 1962, wọ́n pàtẹ ti Malangatana, ọmọ Mozambique. Mbari kì í ṣe ilé ìṣòwò, ṣùgbọ́n ó mú kí ojú àwọn ènìyàn mọ́ àṣà lílọ wo iṣẹ́ oníṣẹ́ ọnà kan fúnra rẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn òmìnira, ilé àṣà àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè àti gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọnà ti ń pàtẹ. Ní ọ̀rúndún yìí ni gálẹ́rì oníṣòwò pọ̀ sí i. Terra Kulture bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2003. Galerie Cécile Fakhoury ṣí ilẹ̀kùn ní Abidjan ní 2012, ó sì dé Dakar lẹ́yìn náà. Rele bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2015, ó sì ṣí ẹ̀ka ní Los Angeles ní 2021. Ní Abuja, Thought Pyramid di ibi tí a mọ̀ fún ìpàtẹ. Láti 2016 sì ni ART X, ọjà ọdọọdún tí gálẹ́rì láti oríṣìíríṣìí orílẹ̀-èdè ti ń pàdé, ti ń wáyé ní Èkó.

Bí a ṣe ń ṣètò ìpàtẹ

Ìpàtẹ tí ènìyàn fi wákàtí kan wò lè ti gba ọdún kan tàbí méjì láti pèsè. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀wò: olórí gálẹ́rì lọ sí ilé iṣẹ́ oníṣẹ́ ọnà, ó wo ohun tí ó ti parí àti èyí tí kò tí ì parí. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá wọ̀, wọn a kọ àdéhùn. Nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọnà ṣì jẹ́ ti oníṣẹ́ títí tí yóò fi rí olùrà. Gálẹ́rì kàn jẹ́ alágbàtà tí a gbé ọjà fún kí ó bá ni tà ni. Àdéhùn yẹ kí ó sọ iye làádà, ọjọ́ tí a ó san owó oníṣẹ́, ẹni tí yóò san owó férémù àti owó ọkọ̀, àti ẹni tí yóò dáhùn bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ tàbí tí ó bá sọnù.

Lẹ́yìn èyí ni yíyàn. Kì í ṣe gbogbo ohun tí oníṣẹ́ ṣe ni a ń gbé jáde. Olùṣètò ìpàtẹ a wá okùn tí ó so àwọn iṣẹ́ náà pọ̀, bóyá ọ̀rọ̀ kan tí oníṣẹ́ ń rò léraléra, bóyá ohun èlò kan tí ó ń dán wò. Okùn yìí ni a ti ń fa àkọlé ìpàtẹ yọ. Nígbà tí ó bá kan gbígbé iṣẹ́ kọ́ ògiri, àṣà tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí àárín àwòrán wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 145 sí 155 láti ilẹ̀, kí ojú àgbàlagbà tí ó dúró lè bá a déédé. Àlàfo tí a fi sílẹ̀ láàrin iṣẹ́ kan àti èkejì ṣe pàtàkì bí iṣẹ́ náà. Òun ni ó ń jẹ́ kí ojú sinmi.

Ọjọ́ ìṣíde sábà máa ń jẹ́ ìrọ̀lẹ́. Àwọn olùkójọ iṣẹ́ ọnà, oníròyìn, akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹbí oníṣẹ́ a pé jọ. Ní ilé mìíràn, bí a bá ti ra iṣẹ́ kan, a ó lẹ àmì pupa roboto kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìpàtẹ náà a wà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, kí a tó tú u palẹ̀ fún òmíràn.

Bí a tilẹ̀ ń pè é ní àdáṣe, igi kan kì í dá igbó ṣe. El Anatsui, ọmọ Gánà tí a bí ní 1944, tí ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka láti 1975 kí ó tó fẹ̀yìn tì, ni a mọ̀ kárí ayé fún aṣọ ńláńlá tí a fi ìdérí ìgò ọtí ṣe. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó ń bá a tẹ àwọn ìdérí náà, tí ó sì ń fi wáyà bàbà so wọ́n pọ̀. Èrò àti ìdájọ́ jẹ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ti ẹgbẹ́. Bákan náà ni ẹni tí ó kan férémù, ẹni tí ó tan iná yàrá àti ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú ní ìpín nínú ìpàtẹ tí a fi orúkọ ẹnì kan pè.

Àpẹẹrẹ kan: Accra, 2016

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 2016, ní ìrántí ọjọ́ òmìnira Gánà, gálẹ́rì kan ṣí ilẹ̀kùn nínú hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Accra. Gallery 1957 ni wọ́n pè é, nítorí ọdún tí Gánà gba òmìnira. Ìpàtẹ àdáṣe ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: My Mother's Wardrobe, èyí tí ó túmọ̀ sí àpótí aṣọ ìyá mi, ti Serge Attukwei Clottey.

Ní àdúgbò La, létí òkun Accra, ni Clottey ti ń ṣiṣẹ́. Kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn ènìyàn fi ń pọn omi ni a fi mọ̀ ọ́n jù. Nígbà tí omi wọ́n ní ìlú náà ní àkókò ìjọba John Kufuor, kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyí pọ̀ dé ibi tí àwọn ará Gánà fi ń fi orúkọ ààrẹ náà pè wọ́n. Clottey ń gé wọn sí wẹ́wẹ́, ó ń fi wáyà so wọ́n pọ̀ bí aṣọ tí ó ṣeé ta sára ògiri ilé.

Ọ̀ràn tí ó gbé wá sínú ìpàtẹ ti 2016 jinlẹ̀ ju ti omi lọ. Ìyá rẹ̀ ti kú. Láàrin àwọn Ga, aṣọ obìnrin tí ó bá kú jẹ́ ogún tí ó ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn obìnrin. Ọmọkùnrin kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ìpín nínú rẹ̀. Clottey bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó kù fún ọmọkùnrin láti fi rántí ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ ìṣíde, òun àti àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ wọ aṣọ obìnrin jáde sí gbangba.

Ohun mẹ́ta ni àpẹẹrẹ yìí kọ́ wa. Ìkíní, ìpàtẹ àdáṣe fún oníṣẹ́ ní àyè láti sọ ọ̀rọ̀ kan délẹ̀, èyí tí àwòrán kan nínú ìpàtẹ àjọṣe kò lè ṣe. Ìkejì, kì í ṣe ohun tí a lè gbé kọ́ ògiri nìkan ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ ọnà. Eré tí a ṣe ní ọjọ́ ìṣíde jẹ́ ara rẹ̀, bí kò tilẹ̀ ṣeé tà bí àwòrán. Ìkẹta, gálẹ́rì oníṣòwò lè fi ìpàtẹ àkọ́kọ́ sọ irú ilé tí òun fẹ́ jẹ́. Síbẹ̀, ìbéèrè kan kò kúrò nílẹ̀: àwọn tí ń pọn omi pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì ìyeyè, mélòó nínú wọn ni ẹsẹ̀ wọn yóò tẹ ilẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ńlá láti wo ohun tí a fi kẹ́ẹ̀gì wọn dá?

Iye, làádà àti àtúntà

Làádà gálẹ́rì yàtọ̀ láti ilé sí ilé, ṣùgbọ́n ìdajì-ìdajì wọ́pọ̀ káàkiri ayé: bí a bá ta àwòrán ní ₦1,000,000, oníṣẹ́ gba ₦500,000, gálẹ́rì gba ìyókù. Ẹni tí kò mọ ìdí iṣẹ́ náà lè pe èyí ní ìrẹ́jẹ. Ṣùgbọ́n nínú ìdajì tirẹ̀ ni gálẹ́rì ti ń san owó ilé, iná, òṣìṣẹ́, ìwé títẹ̀ àti ọkọ̀. Ìrẹ́jẹ a máa wà nígbà tí gálẹ́rì bá gba ìdajì láìṣe iṣẹ́ ìdajì, tàbí tí ó bá fi owó oníṣẹ́ pamọ́ lẹ́yìn tí olùrà ti sanwó.

Ní ti ìdíyelé, gálẹ́rì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sáré gbé owó sókè. Fún ọ̀dọ́ ayàwòrán, ìwọ̀n kánfáàsì ni wọ́n sábà fi ń díwọ̀n iye, kí àwòrán méjì tí ó bá ara mu má baà yàtọ̀ lówó. Ní ti iṣẹ́ àtẹ̀jáde, irú èyí tí Onobrakpeya fi gbajúmọ̀, iye ẹ̀dà tí a óò tẹ̀ ni a ti ń pinnu ṣáájú. Bí a bá kọ 3/25 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀dà kẹta nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, a kò sì gbọdọ̀ tẹ ẹ̀dà kẹrìndínlọ́gbọ̀n.

Ọjà kejì ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Bí olùrà bá tún iṣẹ́ náà tà ní gbàǹjo, gálẹ́rì kò ní àṣẹ lórí iye rẹ̀ mọ́. Amoako Boafo, ayàwòrán tí a bí ní Accra ní 1984, ya The Lemon Bathing Suit ní 2019. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, Phillips tà á ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù. Iye tí wọ́n fojú bù fún un ni £30,000 sí £50,000. Iye tí wọ́n tà á ni £675,000. Ọ̀dà inú rẹ̀ kò tí ì pé ọdún méjì. Ẹni tí ó tà á ni ó jèrè irú àlékún bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ tí ó yà á. Ewu mìíràn tún wà: bí àwọn alájàpá bá ra iṣẹ́ ọ̀dọ́ kan kìkì láti tún un tà, owó rẹ̀ lè gòkè bí iná pápá, kí ó sì kú bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, gálẹ́rì kò lè dín iye kù láìba orúkọ oníṣẹ́ jẹ́. Nítorí èyí ni àwọn gálẹ́rì kan fi ń kọ́kọ́ ta iṣẹ́ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti olùkójọ tí kì í tètè tà, tí wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí olùrà padà wá bá àwọn bí ó bá fẹ́ tà.

Iye tí ó ga lè dé nígbà tí oníṣẹ́ kò sí mọ́ pẹ̀lú. Àwòrán Tutu tí Enwonwu yà ní 1974 ni Bonhams tà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2018 ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ayàwòrán náà ti kú láti 1994. Òfin kan wà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ tí ó ń fún oníṣẹ́ tàbí àwọn àrólé rẹ̀ ní ìpín kékeré nínú owó àtúntà. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti Nàìjíríà pàápàá mọ irú ẹ̀tọ́ yìí, nígbà tí a bá ta iṣẹ́ ní gbàǹjo tàbí láti ọwọ́ oníṣòwò iṣẹ́ ọnà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kì í ta pútú bí oníṣẹ́ kò bá ní àkọsílẹ̀ ohun tí ó ṣe àti ẹni tí ó rà á.

Àríyànjiyàn

Àwọn alámèyítọ́ kan gbà pé gálẹ́rì oníṣòwò ń sọ oníṣẹ́ di ẹrú ohun tí ó tà. Bí àwòrán ojú ènìyàn bá ń yá lọ́jà, wọn a ní kí ó tún ya mẹ́wàá sí i. Èyí tí ó fẹ́ dán wò a di ti ẹ̀yìnwá. Wọ́n tún ń sọ pé bí olùrà pàtàkì bá wà ní òkèèrè, iṣẹ́ tí ó yẹ kí àwọn ọmọ wa dàgbà bá ń wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ. Àwọn mìíràn dáhùn pé níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ ra iṣẹ́ àwọn alààyè, gálẹ́rì ni ó mú kí oníṣẹ́ lè fi ọnà ṣe iṣẹ́ òòjọ́, láìdi pé ó fi iṣẹ́ mìíràn tì í. Òtítọ́ wà lẹ́nu ìhà méjèèjì. Gálẹ́rì dára tó bí àdéhùn rẹ̀ àti bí sùúrù rẹ̀ ṣe tó.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè wo ìpàtẹ àdáṣe

Ọ̀pọ̀ gálẹ́rì kì í gba owó ìwọlé, a kò sì fi dandan lé ríra. Ó dára kí ènìyàn kọ́kọ́ yí gbogbo yàrá ká láìka ohun tí a kọ sí ara ògiri, kí ó sì wo ohun tí ń tún ara rẹ̀ sọ: àwọ̀, ìrísí, ohun èlò. Lẹ́yìn náà kí ó ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú, kí ó sì bi í bóyá iṣẹ́ náà jẹ́rìí sí i. Kí ó dúró fún ìgbà pípẹ́ níwájú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Kí ó béèrè ìgbà tí a ṣe é, ohun tí a fi ṣe é àti ìwọ̀n rẹ̀. Ìbéèrè wọ̀nyí kò ṣe àjèjì sí àwọn òṣìṣẹ́ gálẹ́rì.

Lékè gbogbo rẹ̀, kí ó gba ìwé ìpàtẹ bí ó bá wà. Ní ọjọ́ tí ìpàtẹ bá parí, àwọn iṣẹ́ tí ó ti jọ wà nínú yàrá kan a túká sí ilé olówó káàkiri ayé, ó sì ṣòro kí wọ́n tún pàdé. Ohun tí ó kù ni orúkọ, ọjọ́, àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sínú ìwé pẹlẹbẹ, irú èyí tí Onabolu tẹ̀ ní 1920. Láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ń kọ ìtàn iṣẹ́ ọnà Nàìjíríà. Ibi tí a kò bá ti tọ́jú rẹ̀, ìpàtẹ náà ti parí pátápátá nìyẹn.